Kí Ẹ Tó Sún Dísítíríbútọ̀: Bí A Ṣe Ń Tún Táímìnì Píkọ́ọ̀pù Píjò 504 Ṣe

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ajílẹ̀ tàbí irúgbìn la gbé wá lọ́tẹ̀ yìí. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tí a fi ń kó ìkórè wálé ni. Ẹ̀gẹ́ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Láàrin ọjọ́ méjì sí mẹ́ta tí a bá ti wú u, inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ní ìlà dúdú bí aró, àwọn ìyá tó ń ṣe gàrí ò sì ní ra á ní iye tó yẹ mọ́. Tòmátì ò tiẹ̀ ní sùúrù tó bẹ́ẹ̀. Bí ọkọ̀ bá kú sáàárín igbó pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn, òógùn ọdún kan ló ń bàjẹ́ lọ níbẹ̀ yẹn.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ṣì ń lo píkọ́ọ̀pù Peugeot 504, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Píjò. Ọdún 1968 ni àwọn Faransé kọ́kọ́ gbé 504 jáde, ọdún 1975 sì ni ilé-iṣẹ́ tó ń to ọkọ̀ Píjò ní Kaduna bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Wọn ò to 504 níbẹ̀ mọ́, àmọ́ èyí tó wà nílẹ̀ kò tíì gbà pé òun darúgbó. Ọ̀nà oko kì í já a láyà. Ohun tó ń pa á ni ọwọ́ tí kò mọ̀ ọ́n.

Ọ̀rọ̀ kan ló wà nídìí gbogbo àlàyé yìí: ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sún dísítíríbútọ̀ ọkọ̀ yín láìjẹ́ pé ó ti yẹ inú rẹ̀ wò. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é. Ọkọ̀ ń mísì, kò lè gun òkè. Mẹkáníìkì á dé, á tú nọ́ọ̀tì, á máa yí dísítíríbútọ̀ síwá sẹ́yìn, á dẹ etí sílẹ̀ títí ìró ẹ́ńjìnì á fi dùn létí ẹ̀. Ẹ sanwó, ọkọ̀ lọ. Kò ní pẹ́ tí ohun tó ń ṣe é tẹ́lẹ̀ á tún yọjú, nítorí a ò wò ó sàn, a kàn bò ó mọ́lẹ̀ ni. Èyí tó burú jù ni pé táímìnì tó yá jù lè jó orí písítìnì, èyí tó pẹ́ jù á sì máa mu bẹntiróòlù bí ẹni mu omi. Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí bẹntiróòlù ti kásẹ̀ nílẹ̀, kò sí àgbẹ̀ tí a tún ń sọ fún pé epo wọ́n.

Ọkọ̀ tó ń lo bẹntiróòlù, tó sì ní kọ́ńtáàtì nínú dísítíríbútọ̀, là ń bá wí o. Bó bá jẹ́ dísẹ́ẹ̀lì ni tiyín, kò ní plọ́ọ̀gì, kò ní dísítíríbútọ̀, ẹ ti bọ́ nínú èyí. Bí wọ́n bá ti yọ kọ́ńtáàtì kúrò nínú tiyín tí wọ́n fi èyí tí kì í lo kọ́ńtáàtì rọ́pò, ohun tí a sọ nípa kápù, rótọ̀ àti wáyà ṣì kàn yín, ṣùgbọ́n ẹ má fi gílóòbù tí a máa sọ níwájú dán an wò.

Kí ni táímìnì gan-an?

Nínú ẹ́ńjìnì, písítìnì á sọ̀ kalẹ̀, á fa afẹ́fẹ́ àti bẹntiróòlù wọlé. Á gòkè, á fún wọn pọ̀. Plọ́ọ̀gì á ṣáná, ohun tó wà níbẹ̀ á gbiná, agbára rẹ̀ á ti písítìnì sísàlẹ̀. Á tún gòkè, á lé èéfín jáde. Títì tí iná tì í yẹn ló ń gbé ọkọ̀ lọ.

Bẹntiróòlù kì í jó tán lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹ ti rò. Ó máa ń gbà á ní ìwọ̀nba àkókò díẹ̀ kí iná tó ràn káàkiri. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ wò. Ẹ́ńjìnì tó ń yí lẹ́ẹ̀mẹ́ta ẹgbẹ̀rún (3,000) ní ìṣẹ́jú kan ń yí ní ìgbà 50 láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí iná bá gba ìdá 2 nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá péré, kiránkì ti yí ìdá kan nínú mẹ́wàá àyíká rẹ̀ nígbà náà, ìyẹn dígírì 36. Ìdí nìyẹn tí plọ́ọ̀gì fi gbọ́dọ̀ ṣáná kí písítìnì tó dé òkè pátápátá, kí agbára iná lè bá a bó ṣe ń yí orí padà sísàlẹ̀.

Ẹni tó bá ti ti ọmọdé rí lórí jangirọ́fà á mọ ohun tí mò ń sọ. Bí ẹ bá tì í nígbà tó ṣì ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín, á gbá yín lọ́wọ́. Bí ẹ bá jẹ́ kó lọ tán kí ẹ tó na ọwọ́, afẹ́fẹ́ lẹ tì. Ìgbà tó bá fẹ́ yí padà ni títì ń ṣiṣẹ́.

Iṣẹ́ dísítíríbútọ̀ ni láti mọ ìgbà yẹn, kí ó sì pín iná fún plọ́ọ̀gì tó kàn. Kọ́ńtáàtì ni àwọn irin kéékèèké méjì tó ń pàdé tó tún ń yapa nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá pàdé, iná bátìrì tó jẹ́ fọ́ọ̀tì 12 ń gba inú kọ́ìlì kọjá. Ìgbà tí wọ́n bá yapa gan-an ni kọ́ìlì ń ju iná tó lágbára sókè, tó ju fọ́ọ̀tì 10,000 lọ, rótọ̀ á sì gbé e lọ fún plọ́ọ̀gì. Nítorí náà, ẹ fi èyí sọ́kàn: ìgbà tí kọ́ńtáàtì bá là ni iná ń ṣẹ́. Táímìnì kò ju pé kí kọ́ńtáàtì là ní ìgbà tó yẹ lọ. Ní 3,000 tí a sọ lẹ́ẹ̀kan, ìgbà 100 ló ń là láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan. Irin tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́ yẹ kí a máa bojú wò ó.

Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ iná ni

Kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ tí kò sitáàtì ni iná ń yọ lẹ́nu. Ó lè jẹ́ epo ni kò dé. Ẹ mú ọkọ̀ kúrò ní gíà, ẹ fa bíréèkì ọwọ́, ẹ fi òkúta dí táyà. Ẹ yọ wáyà tó nípọn tó ti àárín kọ́ìlì wá kúrò lórí kápù dísítíríbútọ̀. Ẹ fi igi gbígbẹ tàbí rọ́bà dì í mú, kí ẹnu rẹ̀ jìnnà sí irin ẹ́ńjìnì bíi mìlímítà 5 tàbí 6, kí ẹnìkan wá sitáàtì ọkọ̀. Ẹ má fi ọwọ́ lásán dì í mú. Iná yẹn kì í sábà pa ẹni tí ara rẹ̀ le, àmọ́ ó lè já ènìyàn sínú fáànù tó ń yí, ẹni tó ní àìsàn ọkàn ò sì gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn rárá. Bí òórùn bẹntiróòlù bá wà níbẹ̀, ẹ nu ún gbẹ kí ẹ tó dán nǹkan kan wò.

Bí iná aláwọ̀ búlúù tó ń dún pàpàpà bá ń fò láti ẹnu wáyà, kọ́ìlì, kọ́ńtáàtì àti kọndẹ́ńsà ń ṣiṣẹ́. Ẹ dá a padà, kí ẹ yọ wáyà plọ́ọ̀gì kan, kí ẹ dán òun náà wò bákan náà. Iná wà ní àárín ṣùgbọ́n kò dé plọ́ọ̀gì? Kápù tàbí rótọ̀ ni kí ẹ mú. Iná wà ní plọ́ọ̀gì dáadáa? Ẹ lọ wo epo, kàbúrétọ̀ àti plọ́ọ̀gì fúnra wọn. Plọ́ọ̀gì tó dúdú tó sì tutù fún epo kò lè ṣiṣẹ́. Ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ sì ṣe àlàfo ẹnu rẹ̀ sí mìlímítà 0.60 tàbí 0.70.

Bí kò bá sí iná rárá ní wáyà àárín, tàbí tó jẹ́ pé iná pupa tínínní kan ló ń ṣe wéréwéré, ẹ ṣí dísítíríbútọ̀.

Kápù, rótọ̀ àti wáyà

Kí ẹ tó yọ wáyà kankan, ẹ so ọ̀já tàbí lẹ bébà mọ́ ọn pẹ̀lú nọ́ńbà tirẹ̀. Bí obìnrin mẹ́rin bá ń gún iyán nínú odó kan, kálukú ló mọ ìgbà tí ọmọ odó tirẹ̀ kàn. Bí ẹnìkan bá gbà á mọ́ ẹlòmíràn lọ́wọ́, ọmọ odó á pàdé. Bẹ́ẹ̀ náà ni plọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: 1, lẹ́yìn náà 3, lẹ́yìn náà 4, lẹ́yìn náà 2. Ohun tó ń da ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì lójú rú nípa Píjò ni pé ọ̀dọ̀ fúláíwíìlì, lẹ́bàá gíábọ́ọ̀sì, ni nọ́ńbà 1 wà. Nínú ọkọ̀ mìíràn tó pọ̀, ọ̀dọ̀ rédíétọ̀ ni wọ́n ti ń kà á. Bí wáyà méjì bá gba ipò ara wọn, ẹ́ńjìnì á máa gbọ̀n, á máa yìnbọn nínú sálẹ́ńsà tàbí kí ó máa tu iná sẹ́yìn láti kàbúrétọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi sísún dísítíríbútọ̀ wo ìyẹn sàn máa sún un títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ẹ gbé kápù sínú oòrùn kí ẹ wo inú rẹ̀ dáadáa. Sísán tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun, tàbí ìlà dúdú bí ìgbà tí ọmọdé fi pẹ́ńsù fa ilà, ti tó láti jẹ́ kí iná yà bàrá. Nígbà òjò, omi tó ta sínú kápù lẹ́yìn tí ẹ la odò kọjá lè pa ọkọ̀ pátápátá. Aṣọ gbígbẹ ni oògùn rẹ̀. Ẹ̀ẹ́dú kékeré tó wà láàárín kápù gbọ́dọ̀ máa fò wọlé fò jáde lórí sípíríǹgì rẹ̀. Bó bá ti jẹ tán, kápù tuntun ló kù. Ẹ wo ẹnu rótọ̀ náà: bó bá jó tó sì ti jẹ wọlé, tàbí tí ara rẹ̀ sán, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ní ti wáyà, ẹ dúró di alẹ́, kí ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì nínú òkùnkùn nígbà tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́. Ibi tí ẹ bá ti rí iná búlúù tó ń ta jáde lára wáyà, ibẹ̀ ló ti ń jò.

Kọ́ńtáàtì àti kọndẹ́ńsà

Ibí yìí ni iṣẹ́ pọ̀ sí, ibí yìí náà ni wọ́n sì máa ń fò.

Ẹ wo ojú kọ́ńtáàtì. Ó yẹ kí ó mọ́, kí ó sì tẹ́jú. Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá yọ sókè bí èkúrú tí ẹ̀gbẹ́ kejì sì jin kòtò, tàbí tí ojú rẹ̀ ti jó di aláwọ̀ búlúù, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, kí ẹ sì fura sí kọndẹ́ńsà. Kọndẹ́ńsà ni agolo kékeré tó ní wáyà kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ dísítíríbútọ̀. Òun ló ń gba iná tó yẹ kó fò láàrin kọ́ńtáàtì mọ́ra. Bó bá ti kú, ẹ máa rí iná ńlá funfun lójú kọ́ńtáàtì nígbà tí ẹnìkan bá ń sitáàtì, ti plọ́ọ̀gì á sì rẹ̀ wẹ̀sì. Àwọn mìíràn máa ń kú nígbà tí ẹ́ńjìnì bá gbóná, wọ́n á tún jí nígbà tó bá tutù. Ọkọ̀ tó máa ń gbé yín dé àárín ọ̀nà kó tó kú, tó sì máa ń sitáàtì lẹ́yìn tí ẹ bá ti sinmi lábẹ́ igi, ẹ kọ́kọ́ fi kọndẹ́ńsà mìíràn dán an wò. Kò wọ́n. Kì í sì í rọrùn láti fi ojú mọ èyí tó ti bàjẹ́, ìdí nìyẹn tí mo fi sọ pé kí ẹ fi òmíràn dán an wò.

Kọ́ńtáàtì tuntun máa ń ní òróró tí wọ́n fi pa á kó má baà dípẹtà. Ẹ fi aṣọ mímọ́ nù ún kúrò. Ọ̀pọ̀ ti ra ojúlówó kọ́ńtáàtì, tí wọ́n dá ẹni tó tà á lẹ́bi pé ayédèrú ni, òróró yìí ni kò jẹ́ kó ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá fi sáńdípépà ha èyí tó ti pẹ́, ẹ fi bébà tó le díẹ̀ gba àárín rẹ̀ kọjá lẹ́yìn náà, kí yanrìn má baà kù síbẹ̀.

Àlàfo ló kàn. Ọ̀pá tó wà láàárín dísítíríbútọ̀ ní igun mẹ́rin. Ẹ yí ẹ́ńjìnì díẹ̀díẹ̀ títí ẹsẹ̀ kọ́ńtáàtì á fi gun orí ọ̀kan nínú àwọn igun náà, níbi tó ti là jù. Ẹ fi fílà gééjì, ìyẹn abẹ irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí lára, wọn àlàfo náà. Mìlímítà 0.40 la fẹ́. Abẹ 0.40 gbọ́dọ̀ gba ibẹ̀ kọjá kí ó fara kan ẹ̀gbẹ́ méjèèjì láìti kọ́ńtáàtì. Ẹ tú ìsó, ẹ sún un, ẹ dè é, kí ẹ tún un wọ̀n, nítorí ìsó máa ń fà á lọ nígbà tí a bá ń dè é. Ìwé bébà sìgá àti abẹ ìfárùngbọ̀n tí àwọn kan ń lò kì í ṣe ìwọ̀n. Fílà gééjì kò ná yín tó ìdajì àpò ẹ̀gẹ́.

Ẹ wọn orí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin o, kì í ṣe ẹyọ kan. Bí ọ̀kan bá jẹ́ 0.40 tí òmíràn jẹ́ 0.30, tí ẹ sì fi ọwọ́ mi ọ̀pá náà tó ń ṣe jálájálá, búṣì rẹ̀ ti jẹ. Kò sí táímìnì tó máa dúró lórí irú dísítíríbútọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé e fún ẹni tó mọ búṣì í ṣe tàbí kí ẹ wá òmíràn.

Kí ni ìdí tí a fi ń ṣe àlàfo ṣáájú táímìnì? Bí àlàfo bá fẹ̀, kọ́ńtáàtì á tètè là, táímìnì á yá. Bí àlàfo bá kéré, á pẹ́ kó tó là, táímìnì á pẹ́. Ẹsẹ̀ kọ́ńtáàtì ń jẹ díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń gun orí igun yẹn lójoojúmọ́, àlàfo ń kéré sí i, táímìnì sì ń sá sẹ́yìn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan nǹkan. Ẹni tó bá sún dísítíríbútọ̀ láti tún èyí ṣe ti fi àlàfo burúkú sílẹ̀ síbẹ̀. Ẹni tó bá sì ṣe táímìnì tán kó tó wá ṣe àlàfo ti ba iṣẹ́ tó ṣe jẹ́. Ẹ fi gíríìsì tí kò ju orí abẹ́rẹ́ onígò lọ kan igun náà kí ẹsẹ̀ kọ́ńtáàtì má baà tètè jẹ. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, á ta sójú kọ́ńtáàtì.

Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà nínú dísítíríbútọ̀ tó lọ bá kọ́ńtáàtì. Ó lè gé nínú rọ́bà rẹ̀ kí òde rẹ̀ ṣì dára. Ọkọ̀ á máa ṣiṣẹ́ ní silóò, bí ẹ bá tẹ tọ́ọ̀tù á kú. Ẹ fà á wò díẹ̀. Bó bá ń gùn bí rọ́bà, ó ti gé nínú.

Wàyí o, táímìnì

Ẹ fi ọ̀dà funfun tàbí ìṣó fa ilà kan tó gba ara dísítíríbútọ̀ bọ́ sára ẹ́ńjìnì kí ẹ tó tú nọ́ọ̀tì rẹ̀. Ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀, ẹ lè padà síbi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ ṣí kápù, kí ẹ fi ọwọ́ yí rótọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ẹ máa rí i pé ó máa ń yí díẹ̀ sí apá kan, bí ẹ bá fi sílẹ̀ á fò padà. Apá tó gbà láti yí sí yẹn ni rótọ̀ máa ń yí sí nígbà tí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́. Ẹ máa rántí rẹ̀. Bí kò bá fò padà, àwọn irin wíwúwo tó ń mú táímìnì yá sí i nígbà tí ẹ́ńjìnì bá ń sáré ti há, tàbí sípíríǹgì wọn ti já. Ẹ tún ìyẹn ṣe ná.

Ẹ yọ plọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí ẹ́ńjìnì lè rọrùn láti yí. Ẹ fi sípánà sórí nọ́ọ̀tì púlì iwájú, kí ẹ yí i sí apá tí ẹ́ńjìnì máa ń yí sí. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ẹ tún lè fi ọkọ̀ sí gíà kẹrin kí ènìyàn méjì máa tì í síwájú díẹ̀díẹ̀. Ẹ yí i títí rótọ̀ á fi kọjú sí ẹnu wáyà nọ́ńbà 1. Lẹ́yìn náà, ẹ wá àmì. Nínú ọkọ̀ mìíràn, ó wà lára púlì iwájú. Nínú òmíràn, ó wà lára fúláíwíìlì, ihò kékeré kan ni a ti ń wò ó. Ẹ fọ ibẹ̀ mọ́, kí ẹ fi ẹfun kùn ún. Iye dígírì tó yẹ wà nínú ìwé ọkọ̀. Àwọn ẹ́ńjìnì irú èyí sábà máa ń wà láàrin 5 sí 12 kí písítìnì tó dé òkè pátápátá, ṣùgbọ́n oríṣiríṣi ẹ́ńjìnì ni wọ́n fi sínú 504, nítorí náà ẹ má fi nọ́ńbà ọkọ̀ aládùúgbò ṣe tiyín. Bí ẹ bá yí i kọjá àmì, ẹ dá a padà sẹ́yìn dáadáa, kí ẹ tún wá bá àmì láti ẹ̀yìn, nítorí kò sí irin tó ti pẹ́ tí kì í ní àyè díẹ̀ láàrin ara rẹ̀.

Ẹ wá gílóòbù kékeré fọ́ọ̀tì 12 kan, irú ti iná pákìn. Ẹ so wáyà kan rẹ̀ mọ́ ibi tí wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ láti kọ́ìlì ti wọ ara dísítíríbútọ̀, kí ẹ so èkejì mọ́ irin ẹ́ńjìnì. Ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ láìsitáàtì. Bí kọ́ńtáàtì bá pàdé, gílóòbù á kú. Bó bá là, á tàn. Bó bá ń tàn láìkú bí ẹ ṣe ń yí ẹ́ńjìnì, kọ́ńtáàtì kì í pàdé: ìdọ̀tí wà lójú rẹ̀ tàbí àlàfo ti fẹ̀ jù. Bí kò bá tàn rárá, iná kò ti kọ́ìlì wá, tàbí kọ́ńtáàtì kì í là, tàbí kọndẹ́ńsà tàbí wáyà kan ń kan ara irin. Ẹ rí i pé gílóòbù olówó pọ́ọ́kú yìí ń sọ̀rọ̀ ju etí ẹni tó ń sún dísítíríbútọ̀ lọ.

Ẹ tú nọ́ọ̀tì dísítíríbútọ̀ díẹ̀ kí ó kàn lè yí. Ẹ yí ara rẹ̀ sí apá tí rótọ̀ máa ń yí sí títí gílóòbù á fi kú. Wá yí i padà jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ sí òdìkejì. Gẹ́lẹ́ tí gílóòbù bá tàn, ẹ dúró. Ẹ de nọ́ọ̀tì. Ẹ yí ẹ́ńjìnì ní ẹ̀ẹ̀mejì pípé kí ẹ tún wò ó: àmì gbọ́dọ̀ pàdé ní àkókò kan náà tí gílóòbù ń tàn. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ tún un ṣe. Ẹ má fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ ní ṣíṣí nígbà tí ẹ bá lọ jẹun o. Kọ́ìlì á gbóná, ó sì lè jó.

Ẹni tó bá ní iná táímìnì, èyí tó ń ṣẹ́jú, lè fi wò ó ní silóò. Kí ó yọ rọ́bà tó ti kàbúrétọ̀ wá sára agolo pẹlẹbẹ ẹ̀gbẹ́ dísítíríbútọ̀, kí ó dí ẹnu rẹ̀, kí ó sì ṣọ́ra fún fáànù. Rọ́bà yẹn fúnra rẹ̀ yẹ fún àyẹ̀wò. Ẹ fi ẹnu fa afẹ́fẹ́ nínú rẹ̀ nígbà tí kápù wà ní ṣíṣí: pákó inú dísítíríbútọ̀ gbọ́dọ̀ sún. Ẹ fi ahọ́n dí i, kò gbọ́dọ̀ padà. Bó bá padà, rọ́bà ti ya tàbí awọ inú agolo ti lu, ọkọ̀ á sì máa mu epo ju bó ṣe yẹ lọ lójú ọ̀nà tó tẹ́jú.

Ẹ gbé e jáde pẹ̀lú ẹrù

Ọkọ̀ òfìfo kì í sọ òtítọ́. Ẹ di ẹrù sí i, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnì gbóná dáadáa, kí ẹ wá òkè kan tí kò ga jù. Ní gíà kẹta, ẹ tẹ tọ́ọ̀tù mọ́lẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ ìró kan bí ìgbà tí ẹnìkan mi ẹ̀wà gbígbẹ nínú agbè, tó ṣe díẹ̀ tó sì lọ bí ọkọ̀ ṣe ń sáré, kò burú. Bí kò bá lọ, táímìnì ti yá jù. Ẹ má gùn ún bẹ́ẹ̀ lọ sọ́jà. Ìró yẹn ni ìró òòlù lórí písítìnì. Ẹ yí dísítíríbútọ̀ díẹ̀, díẹ̀ bí ìbú ewé kókò tó gbẹ, sí apá tí rótọ̀ ń yí sí, kí ẹ tún gbé e jáde. Bí ìró kò bá sí rárá, ṣùgbọ́n tí ẹ́ńjìnì wúwo, tí rédíétọ̀ tètè ń hó, tí ẹnu sálẹ́ńsà sì ń pọ́n, ó ti pẹ́ jù. Òdìkejì ni kí ẹ yí i sí.

Bẹntiróòlù tí wọ́n fi kẹrosíìnì là tún máa ń mú irú ìró yìí wá nínú ọkọ̀ tí táímìnì rẹ̀ pé. Bí ìró náà bá bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ yí ibi tí ẹ ti ń ra epo padà, ẹ rọra máa wakọ̀, ẹ má tẹ̀ ẹ́, kí ẹ lo epo yẹn tán kí ẹ ra òmíràn. Táímìnì tí ẹ bá sá sẹ́yìn nítorí epo burúkú, ẹ máa gbàgbé láti dá a padà nígbà tí ẹ bá rí epo gidi.

Nígbà tó bá ti dára, ẹ fa ilà tuntun sára dísítíríbútọ̀, kí ẹ pa ti àtijọ́ rẹ́, kí ẹ sì kọ ọjọ́ náà sínú ìwé kékeré kan. Ẹ wo àlàfo kọ́ńtáàtì lẹ́yìn bíi oṣù kan tí ẹ bá fi tuntun síbẹ̀, nítorí ìgbà yẹn ni ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń jẹ jù. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ máa wò ó kí àsìkò ìkórè tó wọlé. Ẹ wá agolo mílíìkì kan tó ní ìdérí, kí ẹ kó kọ́ńtáàtì kan, kọndẹ́ńsà kan, rótọ̀ kan, fílà gééjì àti gílóòbù pẹ̀lú wáyà rẹ̀ sínú ẹ̀, kí ẹ fi sábẹ́ ìjókòó dẹ́rẹ́bà.